Jíjọ Kọ́ ni Bíbátan: Àfiwé Igi Amborella àti Igi Páìnì

Nínú gbogbo ẹ̀yà àròkọ tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ajẹmọ́-ìsípayá ni mo rí i pé a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù, pàápàá irú èyí tí ó bá ní kí ọmọ fi nǹkan méjì wé ara wọn. Ohun tí a sábà máa ń rí gbà ni ìpínrọ̀ mẹ́ta lórí nǹkan kìíní, ìpínrọ̀ mẹ́ta lórí èkejì, àti gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀ tí ó ní àwọn méjèèjì jọra díẹ̀, wọ́n sì yàtọ̀ díẹ̀. Bí kò bá ti sí àṣìṣe sípẹ́lì, tí àmì ohùn sì bójú mu, a óò fún un ní máàkì, a óò sì ṣí ìwé ẹlòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni pé kí n mú àfiwé kan ṣoṣo, kí n tọ̀ ọ́ dé gbòǹgbò, kí a lè rí ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti lọ́wọ́ ara wa. Igi méjì ni mo mú. Ọ̀kan jẹ́ igi olódòdó tí ó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé erékùṣù kan ṣoṣo ní gbogbo ayé ni ó ti ń dá hù. Èkejì ni páìnì, tí ó bo ilẹ̀ Yúróòpù láti etí òkun kan dé èkejì.

Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ràn igi. Gbèsè ni mo jẹ.

Máàkì mẹ́rin

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi ni mo ṣe ìbéèrè àròkọ fún àwọn ọmọ SS 2 nínú ìdánwò ìparí ọdún, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo ní kí wọ́n fi igi méjì tí wọ́n mọ̀ dáadáa wé ara wọn. Ọmọbìnrin kan mú igi àgbálùmọ̀ àti igi tí ó tò lọ sí etí pápá ìṣeré wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní páìnì, tí ó máa ń súfèé bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí igi méjèèjì kò tilẹ̀ jọra rárá, olódòdó ni àwọn méjèèjì, àti pé igi tí a ń pè ní páìnì nínú ọgbà wa kò bá páìnì òyìnbó tan. Mo fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn náà, mo kọ "Irọ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì yọ máàkì mẹ́rin nínú ogún. Ní tèmi, ohun tí ewé rẹ̀ bá dà bí abẹ́rẹ́, tí ó sì ń so ohun líle onípẹ̀ẹ́pẹ́, páìnì ni, ẹjọ́ ti parí.

Lẹ́yìn ìsinmi ni mo ń fi ìwé yìí ṣe ẹ̀fẹ̀ fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ó ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ sí ìdí igi náà, ó já ẹ̀ka kan, ó ní kí n fi ojú sí i dáadáa. Ohun tí mo ń pè ní ewé kì í ṣe ewé. Ẹ̀ka tín-ín-rín ni, tí ó ní oríkèé bí ìrèké. Bí a bá fà á, oríkèé ni yóò ti já. Ibi oríkèé yìí gan-an ni ewé rẹ̀ wà, ó kéré bí eyín ìyarun, ó sì gba kí a gbé e súnmọ́ ojú kí a tó rí i. Àwọn ọmọ wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́ láìsí ìwé. Wọ́n máa ń já ẹ̀ka náà, wọ́n á tún un tò, wọ́n á wá ní kí ọ̀rẹ́ wọn sọ ibi tí ó ti já. Casuarina ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pe igi náà, olódòdó sì ni lóòótọ́. Ọmọ náà ni ó jàre. Èmi tí mo mú gègé pupa ni mo jẹ̀bi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí kà nípa igi olódòdó àti páìnì, kí n lè mọ ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ti gidi. Ìwé kíkà yẹn ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ Amborella.

Igi méjèèjì bí ojú ti rí wọn

Amborella trichopoda ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Kò ní orúkọ Yorùbá, n kò sì rò pé ó yẹ kí a fi ipá wá ọ̀kan fún un, nítorí kò sí baba ńlá wa kankan tí ó rí i rí. New Caledonia ni ilé rẹ̀, ilẹ̀ kan lábẹ́ Faransé nínú òkun Pàsífíìkì, ní ìlà-oòrùn Ọsirélíà. Níbẹ̀ pàápàá, erékùṣù tí ó tóbi jù, Grande Terre, nìkan ni ó ti ń hù, nínú igbó orí òkè tí ó tutù, lábẹ́ òjìji àwọn igi tí ó ga jù ú lọ. Kì í sábà ga ju mítà mẹ́jọ lọ. Ẹni tí ó bá ń wá òdòdó aláràbarà, kí ó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu dé ibẹ̀. Òdòdó Amborella kò fẹ̀ ju mílímítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì funfun díẹ̀ bí omi ògì. Èso rẹ̀ kéré, ó pupa, irúgbìn kan ṣoṣo ni ó sì wà nínú rẹ̀. Igi akọ yàtọ̀ sí igi abo, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n mọ́ ìbẹ́pẹ. Òun nìkan ni ó kù nínú ìran rẹ̀: kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò, kò ní ọbàkan tí ó ṣì wà láàyè.

Páìnì tí mo fi wé e ni èyí tí a ń fi Skọ́tílándì dá mọ̀, Pinus sylvestris. Láti Skọ́tílándì àti Spéènì ni ó ti ń hù lọ títí dé ìlà-oòrùn Sàìbéríà, kò sì sí páìnì mìíràn tí ilẹ̀ rẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, Skọ́tílándì mú un ní igi orílẹ̀-èdè wọn. Ó lè ga tó mítà 35. Èèpo ara rẹ̀ lókè pọ́n bí ẹni tí ó fi osùn pa ara, ewé rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ sì máa ń jáde ní méjì-méjì. Akọ àti abo wà lórí igi kan náà. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Ìlú Ọba kò lè ṣàì rí i. Ẹni tí kò bá kúrò nílé lè rí ìbátan rẹ̀, páìnì ti Kàríbíánì, tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti gbìn sí ibi mélòó kan ní Nàìjíríà.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró síbí yìí, ó ti ní àròkọ: ọ̀kan kúrú, ọ̀kan ga, ọ̀kan ṣọ̀wọ́n, ọ̀kan wọ́pọ̀, ewé ọ̀kan fẹ̀, ti èkejì rí bí abẹ́rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni òtítọ́. Kò sì sí èyí tí ó sọ ìdí tí a fi ń pe ọ̀kan ní olódòdó, tí a kò fi pe èkejì bẹ́ẹ̀.

Níbo ni irúgbìn wà?

Ìbéèrè tí ó já sí kókó nìyí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lọ́dọ̀ wa. Inú èso ni irúgbìn àgbálùmọ̀ wà. Inú bàrà ni ẹ̀gúsí wà. Kòkó, obì àti ẹ̀wà, a gbọ́dọ̀ la nǹkan kí a tó kan ohun tí a fẹ́ gbìn. Àgbàdo pàápàá kò yọ sílẹ̀. Awọ tí ó lẹ̀ mọ́ hóró rẹ̀, tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ kúrò nínú ògì tí a ń pè ní èérí, òun ni ògiri ilé tí irúgbìn náà ń gbé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí àgbẹ̀ wa ń gbìn tí irúgbìn rẹ̀ kì í ti inú ilé jáde. Nítorí náà ni a kò ṣe ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún irúgbìn tí kò nílé. Kò sí ohun tí ó mú wa wá a.

Inú òdòdó ni ilé náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan wà láàárín òdòdó abo, inú yàrá náà sì ni ẹyin tí yóò di irúgbìn wà. Ìyẹ̀fun akọ, yálà kòkòrò ni ó gbé e wá tàbí afẹ́fẹ́, kò lè bá ẹyin yìí pàdé lójúkojú. Orí yàrá ni yóò bà sí. Ibẹ̀ ni yóò ti yọ ọ̀pá tín-ín-rín kan tí yóò wọlé lọ bá ẹyin. Lẹ́yìn ìdàpọ̀ ni yàrá náà yóò di èso.

Páìnì kò ní yàrá. Kóònù ni ó ní, ohun líle tí ó jẹ́ ìpẹ́ lórí ìpẹ́ bí ara ẹja. Orí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹyin méjì jókòó sí ní gbangba. Ìyẹ̀fun akọ ní àpò afẹ́fẹ́ méjì lára tí ó fi ń fò. Bí ó bá bọ́ sáàárín àwọn ìpẹ́, ẹ̀kán omi kan wà lẹ́nu ẹyin tí yóò gbá a mú, yóò sì fà á wọlé. Ṣùgbọ́n páìnì kì í kánjú. Ó tó nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tí ìyẹ̀fun ti dé kí ìdàpọ̀ tó wáyé, ọdún kejì sì ni kóònù ń gbó. Òtítọ́ ni pé àwọn ìpẹ́ máa ń pa dé mọ́ra ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tí ó bá sì ká kóònù tútù lè bá wa jiyàn pé ilé ni. Ẹ jẹ́ kí a dá a lóhùn pé ẹni tí ó fi aṣọ bora ní ìta gbangba yàtọ̀ sí ẹni tí ó wà nínú yàrá.

Ibí yìí ni Amborella ti wúlò fún wa ju òdòdó aláràbarà lọ. Ó ní yàrá, ṣùgbọ́n yàrá náà kò ní ìlẹ̀kùn tí ó pa dé pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi olódòdó, etí yàrá ti hù pọ̀ mọ́ ara wọn, kò sí àlàfo. Ti Amborella ṣì ní àlàfo díẹ̀ lókè, oje ara rẹ̀ ni ó sì fi dí i. Ẹni tí ó bá fi ojú kékeré wò ó lè ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín oje yìí àti omi ẹnu ẹyin páìnì. Ìyàtọ̀ wà. Orí ẹyin gan-an ni omi ti páìnì wà. Ẹnu ọ̀nà ilé ni oje ti Amborella wà, ẹyin sì wà nínú ilé.

Oúnjẹ tí irúgbìn ń jẹ kí ó tó hu náà yàtọ̀. Páìnì a máa pèsè oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìdàpọ̀ tó wáyé, láìmọ̀ bóyá ọmọ yóò wà tàbí kò ní sí. Lọ́dọ̀ olódòdó, àti Amborella pẹ̀lú wọn, ìdàpọ̀ méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan di ọmọ, èkejì di oúnjẹ ọmọ. Ìdàpọ̀ kejì yìí ni ó ń fún wa ní ohun funfun inú àgbàdo tí a fi ń ṣe ògì àti ẹ̀kọ.

Jọ àti bá tan

Síbẹ̀, ohun kan wà tí Amborella fi jọ páìnì ju bí ó ti jọ ìrókò lọ. Bí a bá gé ìrókò, ojú lásán lè rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ lórí ibi tí a ti gé e. Ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè ni. Páìnì kò ní irú ọ̀nà gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ọ̀pá tóótòòtó tí ó kúrú, tí orí wọn dí, ni omi rẹ̀ ń gbà láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bákan náà ni ti Amborella. Nítorí náà, bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ní kí a fi ara igi nìkan ṣe ẹ̀rí, Amborella yóò bọ́ sọ́dọ̀ páìnì, Casuarina etí pápá wa yóò sì bọ́ sọ́dọ̀ ìrókò. Bí ó bá ṣe ojú ẹni tí ń kọjá lọ ni a fi ṣe ẹ̀rí, Casuarina ni yóò bọ́ sọ́dọ̀ páìnì.

Èdè wa ti pèsè ohun tí a ó fi tú èyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni: "jọ" àti "bá…tan". Ojú ni ẹlẹ́rìí "jọ". Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ wá rí lè jọ wá, a ó sì máa ṣe hàáà. Ìtàn ni ẹlẹ́rìí "bá…tan": ta ni ó bí ta, ojúlé wo ni wọ́n ti ya. Ọmọ ìyá méjì lè má jọra, wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣàì bá ara wọn tan. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. A ń kọ́ àwọn ọmọ pé "bá…tan" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, tí àbọ̀ rẹ̀ ń bọ́ sáàárín, a óò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn ṣe nínú àròkọ rẹ̀ nìyẹn gan-an: ó ya jíjọ sọ́tọ̀ kúrò lára bíbátan. Èmi olùkọ́ èdè ni n kò gbọ́ èdè.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti ewé afang, tí àwọn ará Calabar fi ń se ọbẹ̀, tí a sì ń rí rà ní ọjà Èkó. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń gun igi, kò sí ohun tí ó fi jọ páìnì ní ojú ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe olódòdó. Ọ̀wọ́ tí irúgbìn wọn kò ní yàrá ni òun àti páìnì wà.

Ìdí-igi kan, ọmọ kan

Kí ni ó dé tí àwọn onímọ̀ fi ń lo àkókò tó bẹ́ẹ̀ lórí igi kékeré inú igbó òkè? Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ó ju ọ̀kan lọ, tí oníkálukú ń ṣe tirẹ̀, fi DNA wá ìran àwọn igi olódòdó, wọ́n sì bọ́ sórí ìdáhùn kan náà: Amborella wà ní ẹ̀ka kan, gbogbo olódòdó yòókù sì wà ní ẹ̀ka kejì. Àwọn yòókù yìí tó nǹkan bí 300,000 irú. Ẹ̀ka tí ó tẹ̀ lé Amborella nínú yíya ni ti òṣíbàtà, tí a mọ̀ lójú odò dáadáa.

N kò rí ohun tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ ju ogún pínpín lọ. A mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni a ń gbà pín ogún olórogún nílẹ̀ Yorùbá, orí-ò-jorí àti ìdí-igi. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ó ti Èkó dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì dá a ní ọdún 1962, orí ọ̀rọ̀ yìí ni ó dá lé, ìdí-igi ni wọ́n sì gbè. Bí a bá fi orí-ò-jorí ka àwọn igi olódòdó, Amborella jẹ́ orí kan láàárín ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí a bá fi ìdí-igi kà wọ́n, ìyàwó méjì ni ó wà: ọ̀kan bí ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù, èkejì bí gbogbo àwọn tí ó kù. Ìdajì ogún ni ti Amborella. Ohun tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn yòókù, a lè gbà pé ọwọ́ baba wọn ni ó ti wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò pè é ní ìyá àwọn olódòdó. Àwọn ìwé ìròyìn kan ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣì í. Ọmọ ni òun náà, ọjọ́ orí tirẹ̀ àti ti àgbálùmọ̀ láti ọ̀dọ̀ baba wọn sì dọ́gba. Ojúlé ni ó yàtọ̀. Ìyapa àwọn ojúlé náà ti ju mílíọ̀nù ọdún 130 lọ.

Ní ọdún 2013 ni wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ DNA Amborella jáde, ó sì gùn tó nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 870. Ní ọdún 2014 ni ti páìnì kan tí ó wọ́pọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, Pinus taeda, jáde: nǹkan bíi bílíọ̀nù 22. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbọ́n páìnì ni ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àtúnkọ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohun kan náà tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́gbẹ̀rún. Àwa tí a ti ń yẹ ìwé ìdánwò wò láti ọjọ́ yìí mọ ọmọ tí ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀ kí ojú ewé lè kún.

Nígbà tí gègé pupa bá wà lọ́wọ́

Ohun méjì ni mo ti yí padà nínú iṣẹ́ mi. Bí mo bá fún àwọn ọmọ ní àròkọ aláfiwé, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ìpìlẹ̀ àfiwé wọn sí gbólóhùn kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ìrísí ni, ìlò ni, tàbí ìran? Ọmọ tí ó bá sọ pé ìlò ni, kò sí ohun tí ó kan èmi bí ó bá to páìnì àti ìrókò pọ̀ nítorí pé pákó ni àwọn méjèèjì ń di. Ọmọ tí ó bá sọ pé ìran ni, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí irúgbìn wà. Èkejì ni pé nínú ìlànà ìfúnnimáàkì, n kì í fi ìmọ̀ tèmi nìkan ṣe òṣùwọ̀n òtítọ́ mọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan iṣẹ́ olùkọ́ mìíràn. Mo máa ń fi àmì ìbéèrè sí i, n óò sì lọ béèrè.

Ní ti èdè, àwọn kan ti ń béèrè bóyá ó tọ́ kí ọmọ kọ ọ́ pé páìnì "so". Lójú tèmi, kí a fi "so" sílẹ̀. Èdè ojoojúmọ́ ni, igi sì ni ó ń so. "Èso páìnì" ni n óò fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ nínú àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá, nítorí èso ni ilé irúgbìn, páìnì kò sì nílé. Kí ó kọ kóònù. Mo ti lo "onírúgbìn-gbangba" nínú kíláàsì fún páìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀, ó sì yé wọn. Bí ẹlòmíràn bá ní èyí tí ó dùn jù ú lọ, kí ó mú un wá.

Ọmọbìnrin náà ti jáde kí n tó mọ àṣìṣe mi, àbájáde ìdánwò rẹ̀ sì ti dé ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ máàkì ti ọdún yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti pa mọ́kànlá tí mo kọ síwájú orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo fi gègé dúdú kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, mo sì fọwọ́ sí i.